Ààwẹ̀ Tó Ní Kóòṣì

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí ẹ bá rí obìnrin tó sanra léṣìí tó di pẹ́lẹ́ńgẹ́ lónìí, tó sì sọ fún yín pé ààwẹ̀ nìkan lòun gbà, ẹ bá a dúpẹ́. Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dà á kọ, ẹ rọra ní kó ṣí báàgì rẹ̀ kí ẹ wo inú rẹ̀.

Ká ní àwọn obìnrin ìjọ kan ní Adó-Èkìtì ti ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí òkè àdúrà lọ́dún tó kọjá kì bá tí ṣẹlẹ̀.

Fúnkẹ́mi Bámgbóyè, tí gbogbo ìjọ mọ̀ sí Màmá Níìfẹ́mi, ọmọ Igbemọ ni. Tíṣà ni, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ obìnrin. Ó mọ Bíbélì, ó mọ orin, ó sì mọ iyán jẹ. Nígbà tí yóò fi lé ní àádọ́ta ọdún, orúnkún rẹ̀ ti ń dún bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti ga ju gbogbo òkè tí òun fúnra rẹ̀ lè gùn lọ.

Dọ́kítà ní, "Màmá, ẹ má fi oògùn yín ṣeré o. Ṣùgbọ́n oògùn nìkan ò lè dá a ṣe. Ẹ máa ṣe eré ìmárale."

Fúnkẹ́mi kọ́kọ́ dá a ṣe. Ó gbé fóònù ka orí tábìlì, ó ń wo òyìnbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń fò sókè, òun náà fò. Òyìnbó balẹ̀ dáadáa. Fúnkẹ́mi balẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ há. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń rìn bí akàn nínú kíláàsì, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kí i kú ìrora, tí wọ́n sì ń fi ìwé bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Níìfẹ́mi ọmọ rẹ̀ pè é láti Ìbàdàn. "Màmi, ẹ jẹ́ kí n bá yín wá kóòṣì."

"Kóòṣì kí ni? Ṣé bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ gbá?"

"Ẹni tí yóò máa kọ́ yín ní eré ìmárale, ẹ̀yin nìkan. Yóò máa wò ó bí ẹ ṣe ń ṣe é, kí ẹ má tún lọ ba ẹ̀yìn jẹ́."

"Ṣé obìnrin ni àbí ọkùnrin?"

"Màmi, orúnkún la ní kó bá yín wò."

Bí Kóòṣì Òjó ṣe dé nìyẹn. Ọkùnrin gíga ni, ó lè sọ̀rọ̀ ju rédíò lọ, ó sì kórìíra ohun dídùn bí ẹni pé ṣúgà ló lé e kúrò nílé bàbá rẹ̀. Ìdájí ni wọ́n ń pàdé, ní pápá ilé-ìwé kan lẹ́yìn àdúgbò Adébáyọ̀, kí ojú àwọn ọlọ́kadà tó là.

Ọjọ́ kìíní, ó wo síkẹ́ẹ̀tì tó gbálẹ̀ lára Fúnkẹ́mi, ó mi orí.

"Màmá, mi ò rí orúnkún yín. Bí mi ò bá rí i, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ń ṣe é dáadáa?"

Wàhálà dé. Fúnkẹ́mi yìí kan náà ló ti lo gbogbo ìpàdé obìnrin kan tẹ́lẹ̀ láti fi kọ́ wọn pé obìnrin tó bá wọ ṣòkòtò ti ń wá ohun tí kò sọnù. Ní ọjọ́ kejì, ó wọ ṣòkòtò kan tí Níìfẹ́mi fi sílẹ̀ nílé, ó ró ìró lé e lórí, ó dé pápá, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tú ìró. Ìwàásù yẹn ò sì dí i lọ́wọ́ rárá.

Ká má ba tọmọ ọlọ́mọ jẹ́, Kóòṣì Òjó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò ní kó fò. Àga ló gbé kalẹ̀.

"Ẹ jókòó, ẹ dìde. Ẹ má fi ọwọ́ ti itan."

"Kóòṣì, ó ti pẹ́ tí mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó."

"Jíjókòó lẹ mọ̀, Màmá. Dídìde lẹ ti gbàgbé."

Ó rọ iyanrìn sínú ike omi, ó ní kó máa gbé e. Ó rí i pé ẹsẹ̀ òsì ń ya ọ̀lẹ, ẹsẹ̀ ọ̀tún sì ń ṣiṣẹ́ fún méjèèjì, ohun tí òyìnbó inú fóònù kò lè rí láéláé. Bí òjò bá ṣú tí Fúnkẹ́mi yí ara padà sórí bẹ́ẹ̀dì, fóònù á dún: "Màmá, mo ti wà ní pápá o. Òjò ò tíì rọ̀, ojú ọ̀run ló kàn dúdú." Èèyàn lè parọ́ fún ara rẹ̀ pé ó di ọ̀la. Ó ṣòro láti pa á fún ẹni tó ti dúró síta dè ọ́.

Tí wọ́n bá ń rìn, ó ní òfin kan. "Ẹ máa bá mi sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá lè sọ̀rọ̀, a ń rìn dáadáa. Tí ẹ bá lè kọrin, ọ̀lẹ lẹ ń ṣe. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ti kọ̀ tí kò jáde, ẹ jẹ́ ká dúró, nǹkan ti ń bàjẹ́ nìyẹn." Ọjọ́ tí Fúnkẹ́mi gbàgbé ara rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ẹgbẹ́, Kóòṣì fi kún ìrìn náà lójú ẹsẹ̀.

Ó sì ní kò gbọdọ̀ fi ikùn òfìfo jáde. Ẹyin bíbọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, omi. Ẹlẹ́rìndòdò, ó ní kó má dárúkọ rẹ̀ níwájú òun.

Kí òjò ọdún náà tó dá, orúnkún ti panu mọ́. Dọ́kítà wọn ìfúnpá, ó tún un wọ̀n, ó ní, "Màmá, kí lẹ ṣe?" Fúnkẹ́mi sọ òótọ́ fún dọ́kítà. Dọ́kítà nìkan ló sì sọ ọ́ fún. Bàbá Níìfẹ́mi mọ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì mọ ìgbà tó yẹ kó gbé ìwé ìròyìn bojú. Fún gbogbo ará yòókù, àdúrà ìdájí ni Màmá Níìfẹ́mi ń lọ.

Kóòṣì náà ní tirẹ̀ tí kò mọ̀. Bí Fúnkẹ́mi bá ti pínyà pẹ̀lú rẹ̀ tán, a yà sí ìsọ̀ kan ní kọ̀rọ̀, a ra ẹlẹ́rìndòdò tútù, a dojú kọ ògiri, a mu ún. Obìnrin tó ń fi Kóòṣì pa mọ́ fún ìjọ, ó ń fi ẹlẹ́rìndòdò pa mọ́ fún Kóòṣì. Ẹ̀bùn ni.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan, Àyọ̀kẹ́, Ìyá Ọpẹ́mipọ̀. Ará Ìkìrun ni, òwò abọ́ ike ló gbé e dé Adébáyọ̀, àtìgbà tí àwọn méjèèjì ti wà ní ọmọge ni wọ́n sì ti ń jókòó ti ara wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí Fúnkẹ́mi bá ti ya ẹnu pe "ulé" bí wọ́n ṣe ń pè é ní Igbemọ, Àyọ̀kẹ́ á yí sí àwọn tó wà lẹ́yìn: "Ẹ gbọ́ o. Ilé ló di ulé. Òun ló sì ń kọ́ ọmọ yín ní Yorùbá." Fúnkẹ́mi á gbá a léjìká. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣeré látọjọ́ tó ti pẹ́.

Àyọ̀kẹ́ ní àtọ̀gbẹ. Ó ń lo oògùn rẹ̀, ó sì ń bá a yí.

Oṣù tí ara Fúnkẹ́mi jò gan-an ni Pásítọ̀ Adéyẹyè kéde ààwẹ̀ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta fún gbogbo ìjọ. Fúnkẹ́mi ò lè gbà á, nítorí oògùn. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ì bá yọ̀ǹda rẹ̀ bó bá bi í. Ṣùgbọ́n olórí ẹgbẹ́ obìnrin ha lè wí pé òun ń jẹun? Kò sọ pé òun ń gbà á, kò sọ pé òun ò gbà á. Ó kàn gbé ojú ààwẹ̀ wọ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n ṣínu, wọ́n gbé àkókò ẹ̀rí kalẹ̀. Pásítọ̀ na ọwọ́. "Màmá Níìfẹ́mi, ẹ dìde ká rí yín. Ìjọ, ṣé ẹ rí ohun tí ààwẹ̀ ṣe?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbé máìkì lé e lọ́wọ́.

Ó lè sọ pé, "Pásítọ̀, kóòṣì ni." Ọ̀rọ̀ náà ò gùn. Ṣùgbọ́n bó bá ti sọ ọ́, wọ́n á bi í pé kóòṣì wo, ọkùnrin àbí obìnrin, aṣọ wo ló ń wọ̀ síbẹ̀. Àtẹ́wọ́ náà sì dùn. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, àtẹ́wọ́ dùn.

"Ẹ yin Olúwa."

"Halelúyà."

"Orúnkún tó ń dùn mí, kò dùn mí mọ́." Òótọ́ ni. "Ìfúnpá mi ti wálẹ̀." Òótọ́ ni. "Nínú ààwẹ̀ yìí ni Olúwa ti ṣe é. Lójoojúmọ́, n kì í fi nǹkan kan ẹnu títí oòrùn fi máa wọ̀."

Ẹyin àárọ̀ ọjọ́ náà ò tíì dà nínú rẹ̀ nígbà tó sọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà, Fúnkẹ́mi di ọ̀gá ààwẹ̀. Wọ́n ń dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. "Màmá, ṣé ààwẹ̀ gbígbẹ ni àbí olómi?" "Màmá, Sáàmù wo lẹ ń kà sí i?" Ó sì ń dá wọn lóhùn. Ẹni tí kò gbààwẹ̀ ló mọ ààwẹ̀ ṣàlàyé jù.

Ó ya ìsọ̀ Àyọ̀kẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ètè ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti gbẹ.

"Ọ̀rẹ́ mi, mo ti bẹ̀rẹ̀ tèmi o," ni Àyọ̀kẹ́ wí.

"Tìrẹ kí ni?"

"Ààwẹ̀ náà ni. Àtọ̀gbẹ yìí náà á kó ẹrù rẹ̀. Láràárọ̀ mo máa ń fi omi díẹ̀ gbé oògùn mì, ó parí, ó di alẹ́."

Ẹ wò ó, ẹ̀yin òǹkàwé. Kò sí máìkì níbẹ̀. Kò sí Pásítọ̀. Ọ̀rẹ́ méjì ló jókòó láàárín abọ́ ike.

"Ṣé dọ́kítà rẹ mọ̀ sí i?"

"Ṣé dọ́kítà tìrẹ mọ̀ sí tìrẹ ni?"

Dọ́kítà tirẹ̀ mọ̀. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Fúnkẹ́mi mú abọ́ kan, ó ń yí i wò.

"Ṣáà máa sinmi dáadáa," ló wá sọ. "Olúwa á gbọ́." Ó ra abọ́ kan tí kò ní ohun tó fẹ́ fi ṣe, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ tòótọ́ nìyẹn.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ obìnrin lọ gun òkè àdúrà kan lẹ́yìn ìlú. Gbogbo wọn ló gbààwẹ̀ wá. Fúnkẹ́mi gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó jẹ́ kó rọ̀ mọ́ ìhà rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Kóòṣì ti sọ fún un pé lọ́jọ́ Sátidé, òun ń kó àwọn kan lọ gun òkè. Kò bi í pé òkè wo. Ní Èkìtì tí òkè ti pọ̀ ju ilé lọ, ta ni yóò rò pé ọ̀kan náà ni?

Ó ń gùn ún bí ewúrẹ́. Àwọn obìnrin ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń sọ pé, "Ẹ wo agbára ààwẹ̀." Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń tẹ̀ síwájú.

Lágbede méjì òkè, ó bojú wẹ̀yìn. Àyọ̀kẹ́ ti jókòó sórí àpáta. Òógùn bò ó, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn ò tíì mú. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

Fúnkẹ́mi sọ̀ kalẹ̀ tọ̀ ọ́. "Ìyá Ọpẹ́mipọ̀, kí ló dé?"

Àyọ̀kẹ́ wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

"Bá mi sọ̀rọ̀. Jẹ́ ká padà sí ulé. O ò gbọ́? Mo ní ulé."

Àyọ̀kẹ́ la ẹnu. Ọ̀rọ̀ kọ̀, kò jáde.

Àwọn obìnrin yí wọn ká. Ọ̀kan ní ọ̀tá ni. Ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í de ẹ̀mí burúkú mọ́lẹ̀. Ẹnì kan ní kí wọ́n fún un ní nǹkan jẹ, òmíràn ní rárá, kí wọ́n má ba ààwẹ̀ olóògbé, àní ààwẹ̀ aláàwẹ̀ jẹ́. Ọ̀rọ̀ tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ yẹn já wọn láyà. Wọ́n yíjú sí ẹnì kan ṣoṣo.

"Màmá Níìfẹ́mi, ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa ààwẹ̀. Kí ni ká ṣe?"

Ọwọ́ Fúnkẹ́mi wà lórí báàgì. Ó mọ ohun tó ń ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ti ń bá àtọ̀gbẹ yí fún ọdún pípẹ́ yóò mọ̀ pé oògùn láìsí oúnjẹ a máa gbé ṣúgà ara lọ pátápátá. Ó mọ ohun tó lè gbà á là. Ó sì mọ ibi tó wà.

Kí ẹ má rò pé ó ṣí i kíá. Kò ṣí i kíá. Ó wo ojú àwọn obìnrin náà, ó ro orúkọ rẹ̀ wò. Ó tiẹ̀ rò ó pé bóyá òun lè rán wọn lọ wá omi ná. Orí Àyọ̀kẹ́ wá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó ṣí báàgì.

Ẹyin bíbọ̀ ló kọ́kọ́ jáde. Ó bọ́, ó ń yí gbirigbiri lórí àpáta, gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin sì fi ojú sìn ín títí ó fi há sí pàlàpálá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tẹ̀ lé e. Lábẹ́ rẹ̀ ni ẹlẹ́rìndòdò wà. Ó ṣí i, ó dún ṣìì. Lórí òkè tó pa rọ́rọ́ yẹn, ó dún bí ẹni pé ẹni tó wà ní Igbemọ lè gbọ́.

Ó gbé orí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lé itan, ó ń fún un díẹ̀díẹ̀. "Gbé e mì. Àyọ̀kẹ́, jọ̀ọ́, gbé e mì."

Nígbà náà ni ohùn kan tó mọ̀ dáadáa bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè bọ̀.

"Ẹ má dúró. Ẹsẹ̀ lẹ fi ń gùn ún, ẹ ò fi ẹnu gùn ún."

Kóòṣì Òjó yọ, àwọn aláṣọ péńpé tẹ̀ lé e lẹ́yìn, tọkùnrin tobìnrin. Ó rí Fúnkẹ́mi, inú rẹ̀ dùn. "Ẹ káàárọ̀ o, Màmá." Ojú rẹ̀ wá bọ́ sí ọwọ́ Fúnkẹ́mi. Inú rẹ̀ ò dùn mọ́.

"Màmá. Kí lẹ mú dání yẹn?"

"Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe báyìí."

"Ẹlẹ́rìndòdò. Gbogbo bí mo ṣe ń bá yín jí láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀yìn mi lẹ ti ń lọ mu eléyìí?"

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà gbá gèlè mọ́rí. "Bọ̀dá, níbo lẹ ti mọ Màmá wa?"

"Kóòṣì wọn ni mí. Ta lẹ rò pé ó bá wọn yọ́ gbogbo ọ̀rá ara wọn?"

"Ààwẹ̀ ló yọ́ ọ. Wọ́n jẹ́rìí sí i nínú ìjọ."

Kóòṣì wo obìnrin náà. Ó wo Fúnkẹ́mi. Ó wo ẹyin tó há sí pàlàpálá àpáta.

"Ààwẹ̀ ẹlẹ́yin?"

Kò mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan. Ìgbà tó rí Àyọ̀kẹ́ nílẹ̀ dáadáa ló pa ẹjọ́ ẹlẹ́rìndòdò tì, òun àti àwọn ọkùnrin rẹ̀ sì gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé e, ojú Àyọ̀kẹ́ ti là. Ó ti gbọ́ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó wo Fúnkẹ́mi fún ìgbà pípẹ́, ó ní, "Ẹyin?"

Nọ́ọ̀sì ní díẹ̀ ló kù kí ẹ̀mí Àyọ̀kẹ́ bọ́. Fúnkẹ́mi jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì. Ọpẹ́mipọ̀ jáde wá bá a, ó kúnlẹ̀ kí i dáadáa, ó ní, "Mà, Màmi ní kí ẹ máa lọ." Ìkúnlẹ̀ yẹn ló dùn ún jù.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó ní kí wọ́n gbé máìkì fún òun.

Pásítọ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, kò pọn dandan. Ọlọ́run ti dárí jì yín."

"Ọlọ́run ti dárí jì mí, sà. Àwọn wọ̀nyí ni mo parọ́ fún."

Ó sọ gbogbo rẹ̀, ti ẹyin, ti ṣòkòtò, ti ìsọ̀ abọ́ ike tí òun ti dákẹ́. "Ẹ yin Olúwa," ló fi parí rẹ̀. Ọmọ kékeré kan nìkan ló ní halelúyà, ìyá rẹ̀ sì fún un ní ìgbámú.

Wọ́n gba ipò olórí ẹgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tọ́. Pásítọ̀ kéde pé ẹnikẹ́ni tó bá ń lo oògùn kó kọ́kọ́ lọ bi dọ́kítà kó tó gbààwẹ̀. Ó yẹ kó ti kéde rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í bá Pásítọ̀ wí. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti fi ọgbọ́n tọrọ nọ́ńbà Kóòṣì, ó ní ẹ̀gbọ́n òun kan ló fẹ́ lò ó. Ikùn ẹ̀gbọ́n náà ti ń ti bọ́tìnnì ẹ̀wù Pásítọ̀ já.

Fúnkẹ́mi ń lọ sí pápá. Kò ró ìró lé ṣòkòtò mọ́. Ó máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ abọ́ ike kọjá, a kí Àyọ̀kẹ́, Àyọ̀kẹ́ kì í dá a lóhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí òun àti Kóòṣì ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìrìn, ẹnì kan dúró lẹ́nu géètì pápá. Síkẹ́ẹ̀tì gbálẹ̀gbálẹ̀, bàtà kánfáàsì tuntun. Àyọ̀kẹ́ ni. Ó gba iwájú Fúnkẹ́mi kọjá bí ẹni gba iwájú òpó iná.

"Kóòṣì, dọ́kítà mi ní kí n máa rìn. Mo ti jẹun o, mo sì ti lo oògùn. Ẹ̀yin ni mo wá bá, mi ò wá bá ẹnì kankan mìíràn."

"Ẹ káàbọ̀, Màmá."

Wọ́n ń rìn, Kóòṣì láàárín, obìnrin kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n yí pápá po.

"Ìyá Ọpẹ́mipọ̀, ẹ sọ̀rọ̀," ni Kóòṣì wí. "Bí ẹ ò bá sọ̀rọ̀, mi ò ní mọ̀ bóyá mo ti ń pa yín."

"Mo lè sọ̀rọ̀. Ẹni tí màá bá sọ ọ́ ni mi ò tíì rí."

"Ẹ ṣáà sọ ohunkóhun. Òfin ni."

Àyọ̀kẹ́ rìn síwájú díẹ̀. Kò yíjú. Ó ń wo iwájú tààrà, bí ẹni tó ń bá pápá sọ̀rọ̀.

"Ẹyin ọjọ́sí yẹn," ló wí, "ṣé láti ulé lo ti bọ̀ ọ́ wá?"